Bàbá Àgbà àti Ìrun Òpó Méjì

Amọ̀ pupa kì í tán lábẹ́ èékánná bàbá àgbà mi. Àwọn ni wọ́n ń gbẹ́ sàréè fún àwọn Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìbáà ṣe òkú àwa tí ogun lé wá láti Èkó pẹ̀lú ọba wa, ìbáà ṣe òkú àwọn onílé tó gbà wá. Wọn kì í gba nǹkan kan. Bí ẹnì kan bá gbé ẹja wá dúpẹ́, Bàbá á ní kí ó gbé e padà fún àwọn ọmọ olóògbé. Ó máa ń dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn ẹja púpọ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti kọ́ ìrun. Bí òòrùn bá ti yẹ àtàrí, wọ́n á ṣe àlùwàlá létí ọ̀sà, wọ́n á kí òpó méjì, wọ́n á sálámà, ó parí. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo wá dé ilé kéwú, tí àlùfáà ní kí n kí ìrun ọ̀sán kí àwọn rí i, mo kí òpó méjì, mo sálámà, mo sì jókòó bí ẹni tó gbayì. Àlùfáà ní òpó méjì yòókù ńkọ́? Mo ní a kì í kí ìyẹn nílé wa. Pàṣán tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Mo sunkún lọ bá ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ gan-an. Wọ́n ní, "Arìnrìn-àjò ni bàbá àgbà rẹ. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ni Ọlọ́run yọ̀ǹda fún pé kó gé ìrun kúrú."

"Ọ̀nà wo?" ni mo bi wọ́n. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, n kò sì rí i kí Bàbá rìn kọjá ọjà Èjìnrìn rí.

Mo lọ bi Bàbá fúnra wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó lè jẹ́ ọ̀la la máa lọ."

Nítorí ọ̀la yìí ni wọ́n ṣe fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ògiri ilé wọn, àwọn tó ń fi ọkọ́ wa amọ̀ kiri ìlú. Orí mi dàrú. Bí Bàbá bá jẹ́ àlejò, tí ìyá mi jẹ́ onílé, kí ni èmi? Mo rò ó títí, mo ní bóyá òpó mẹ́ta ló tọ́ sí mi.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ọ̀nà Èkó ti là, pé ẹni tó bá fẹ́ lè padà. Bàbá mi ní ibi tí bàbá àwọn bá lọ làwọn ń lọ. Ìyá mi ní ìyá àwọn ti darúgbó, kò sì ní ọmọ mìíràn, àwọn ò lọ síbì kan. Èmi, ọmọ bàbá ni mí, ẹ̀yìn bàbá ni n ó tọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo fẹ́ràn Bàbá, mo fẹ́ràn ìyá mi, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, a ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ létí ọ̀sà, ìyá mi sì ti wá sìn wá, nígbà tí ọkùnrin onílé kan sáré dé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ wọkọ̀. Ẹ má bínú."

Bàbá wo ọkọ̀, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n sì béèrè ọkọ́ wọn. Abẹ́ ẹrù ló wà. Bàbá mi tú ẹrù kí wọ́n tó rí i, ojú wọn le koko. Ọlọ́kọ̀ ní òun á dúró títí di ọ̀sán, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òòrùn ti yẹ àtàrí kí Bàbá tó dé. Wọ́n fọ amọ̀ ọwọ́ wọn, wọ́n ṣe àlùwàlá, mo sì tò sẹ́yìn wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. A kí òpó méjì, mo sálámà. Bàbá kò sálámà. Wọ́n dìde. Mo rò pé wọ́n ti ṣì í ni, mo wá ké "Sùbúhánàláhì" bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti fi rán lémọ́mù létí. Wọ́n kí ẹ̀kẹta, wọ́n kí ẹ̀kẹrin, kí wọ́n tó sálámà. Mo gbọ́ tí ìyá mi bú sẹ́kún lẹ́yìn mi, n kò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí Bàbá fi ń po amọ̀ ilé. Bàbá mi gbà pé àárẹ̀ ọjọ́ náà ló dá wọn dúró. Ìyá mi gbà pé omijé àwọn ni. Ọkùnrin tó ṣòfò náà gbà pé nítorí ìyàwó òun ni. Títí Bàbá fi kú, wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sì bi wọ́n. Ó ń dùn mí.

Èkó ni mo wá lọ́kọ sí, ibẹ̀ ni mo sì darúgbó sí. Bí mo bá wá kí sàréè Bàbá ní Ẹ̀pẹ́, àlùfáà wa ní òpó méjì ni kí n máa kí, pé arìnrìn-àjò ni mí. Mo máa ń dúró létí ọ̀sà, ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà á máa dúró dè mí. Mo máa ń kí òpó méjì, mo máa ń jókòó, mo sì máa ń fẹ́ sálámà. Ẹ̀yìn náà ni mo máa ń dìde láti kí ẹ̀kẹta.