Fíìmù Tí Wọ́n Yàn fún Mi

Àwa obìnrin mẹ́rin la máa ń pàdé nílé ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ̀sán Sátidé kan lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì ni Mummy kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló dàgbà jù nínú wa, sófà wọn ló sì tóbi jù. Ẹnì kejì ń ṣerun ní Woolwich. Ẹnì kẹta ni ọ̀rẹ́ mi tí èmi àti ẹ̀ jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Belvedere. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti ọkọ mi, láti ìlú kan náà ní Ìjẹ̀bú. Èmi ni mo ṣe ìkẹrin wọn.

Fíìmù ló kó wa jọ. Onírun á ra àwo fíìmù Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́jà Woolwich, a ó jọ wò ó, a ó sì jókòó dá a lẹ́jọ́. Mummy kì í fẹ́ fíìmù tó bá ní apá kejì. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní wákàtí méjì, irọ́ ló ń pa. Onírun ò bìkítà fún ìtàn, wíìgì ló ń wò: "Obìnrin tí wọ́n ní ó ti ń ṣàìsàn láti èṣí, ta ló ń bá a ṣe irun yẹn?" Ọ̀rẹ́ mi a máa sunkún, ì báà jẹ́ ajá ló kú. Èmi ni mo máa ń mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Kí orúkọ àwọn òṣèré tó kọjá tán, mo ti sọ ẹni tó máa dalẹ̀ àti ẹni tó máa kábàámọ̀. Wọ́n á pariwo pé, "O ti wò ó tẹ́lẹ̀!" Mi ò wò ó tẹ́lẹ̀. Èmi á ní ojú mi ló là.

Ní Nòfẹ́ńbà ọdún kan, Mummy fúnra wọn ló mú fíìmù wá. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò ní lè wá, torí mo fẹ́ bá ọkọ mi di ẹrù. Ó ń lọ sílé lọ wo ìyá ẹ̀, bó ṣe máa ń lọ lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mummy pè mí lórí fóònù.

"Ìwọ ṣáà wá. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wàá sọ sí fíìmù yìí."

Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ.

Ìtàn ọkùnrin kan tí òun àti ìyàwó ẹ̀ ń gbé lókè òkun ni. Lọ́dọọdún, ọkùnrin yìí á wálé, á ní òun fẹ́ lọ wo oko bàbá òun. Kò sí oko kankan níbì kan. Ìyàwó mìíràn ló wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ. Ìyàwó tòkè òkun ò fura rárá.

Fíìmù ò tíì dé ìdajì tí mo ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wo òmùgọ̀ obìnrin! Ọkọ ẹ ń lọ sóko lọ́dọọdún, kò mú iṣu kan ṣoṣo bọ̀ rí, o ò bi í?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ẹni tó kọ ìtàn náà ni kò gbọ́n, torí kò sí obìnrin tó lè gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀sẹ̀ kan ò ní kọjá tí mi ò fi ní gbóòórùn obìnrin mìíràn lára aṣọ ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín. Onírun tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń sunkún nítorí ajá, ojú ẹ̀ gbẹ. Mummy wá rọra bi mí pé, "Ṣé o rò pé ó yẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ obìnrin yìí ti sọ fún un?"

"Ọ̀rẹ́ wo, Mummy? Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, ọ̀tá ni."

Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ní òun ń lọ bu ẹ̀pà wá ní kíṣìnnì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé fíìmù náà ni kò dùn mọ́ wọn. Mo padà sílé, mo di ẹrù ọkọ mi, mo sì fi súwẹ́tà kan sí i fún ìyá ẹ̀ nítorí ọyẹ́.

Ọkọ mi padà dé ní Jánúárì. Lọ́jọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá òyìnbó kan. Mò ń sọ fún un pé ìyá ọkọ mi fẹ́ràn súwẹ́tà yẹn. Ó dúró, ó di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà mú.

"Ìyá ẹ̀ nìkan kọ́ ló ń lọ wò. Ó níyàwó nílé. Ọmọ méjì. Mo wà níbi tí wọ́n ti sọ èyí kejì lórúkọ, nígbà tí mo lọ sílé ní èṣí."

"O wà níbẹ̀?"

"Mọ̀lẹ́bí ni wá. Kò sí bí mi ò ṣe ní lọ."

"O jẹun níbẹ̀?"

Ó ki etí aṣọ náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Gbogbo wa la fẹ́ sọ fún ẹ. Mummy ló ní ká fi fíìmù yẹn hàn ẹ́, pé tó o bá wò ó, wàá fura fúnra ẹ."

Màmá òyìnbó náà jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wò wá. Ó bi wá bóyá ẹnì kan kú. Mo ní rárá. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà parí.

Mo bi ọkọ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Ta ló sọ fún ẹ?" Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé kí n kú láìlọ́mọ ni?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lóyún fún un, tí oyún náà ò dúró. Òun ló gbé mi lọ sọ́síbítù lẹ́ẹ̀mejèèjì, òun ló di ọwọ́ mi mú. Kí ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó tó dé, ó ti kó jáde.

Mummy wá kí mi, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran dání. Mi ò ní kí wọ́n jókòó.

"Ọmọ mi, ta ló lè fẹnu ara ẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mummy, nọ́ọ̀sì ni yín. Tí jẹjẹrẹ bá ń ṣe èèyàn, ṣé fíìmù lẹ máa ń fi hàn án kó lè mọ̀?"

Wọ́n gbé oúnjẹ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ. Ìrẹsì yẹn wà níbẹ̀ dọjọ́ kejì, mo dà á nù.

Mo mọ̀ pé ká ní wọ́n sọ fún mi ní tààrà, mo lè sọ pé ìlara ló ń ṣe wọ́n. Mo lè bá ọ̀rẹ́ mi jà. Mo mọ ara mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó, wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń fi ẹnu ara mi pe ara mi ní òmùgọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí ji ọkọ mi. Tiwọn ló ṣòro.

Onírun ṣì máa ń fi orúkọ fíìmù tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù mi: èyí dáa, wá àyè wò ó. Mi ò dá a lóhùn rí. Ọ̀rẹ́ mi ti gba iṣẹ́ síbòmíràn. Tá a bá pàdé nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì, a máa ń kí ara wa. Tó bá ti jókòó nísàlẹ̀, èmi á gba àtẹ̀gùn, màá lọ jókòó lókè.