Àwọn Nọ́ńbà Olóríkunkun Ara Ògiri

"Fà á, ọma mi! Má jẹ́ kó dẹ̀!"

Mo di ìdí okùn mú, ẹrẹ̀ pupa wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, òórùn sìmẹ́ǹtì tútù gba gbogbo imú mi. Bíríkìlà ni bàbá tó bí ìyá mi, gbogbo ará Mákún ìlú wa ló sì mọ̀ pé ilé tó bá kọ́ kì í wọ́. Kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, yóò ta okùn rẹ̀ tó so kókó sí ní fíìtì kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Bí èyí tó dábùú bá jẹ́ márùn-ún gẹ́lẹ́, igun ilé gún nìyẹn.

Bó bá délé, yóò tún ta okùn náà lágbàlá, àwọn adìẹ á sì fọ́n ká. Ó rí i pé mẹ́wàá náà gbà láti dábùú, nítorí mẹ́fà àti mẹ́jọ gbé e. Ṣùgbọ́n méje kọ̀. Kò sí fíìtì odidi méjì tó lè pàdé ní igun kí ìdábùú wọn jẹ́ méje. Á lé tàbí kó dín. Mẹ́fà kọ̀, mẹ́jọ kọ̀, mẹ́sàn-án kọ̀, mọ́kànlá kọ̀. Olóríkunkun ló ń pè wọ́n, èédú ló sì fi ń kọ wọ́n sára ògiri yàrá rẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi ṣe é. Ìyá àgbà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àwọn ẹgbẹ́ yín ń ta obì, ẹ̀yin ń ta okùn."

Lọ́dún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó pè mí jókòó. "Ọma mi, bá mi bi tíṣà yín. Kí ló dé tí àwọn olóríkunkun yẹn fi kọ̀? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí n tó kú."

Mo bi tíṣà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bíríkìlà ló rán ẹ sí mi?" Gbogbo kíláàsì hó yèè. Ojú tì mí débi pé nígbà tí mo délé, irọ́ ni mo pa: "Bàbá, wọ́n ní kò wúlò fún nǹkan kan."

"Ó dáa," ni Bàbá wí.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí à ń kun ilé bí a ti máa ń ṣe, èmi ni mo kun yàrá Bàbá. Wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n fọwọ́ kan ògiri, pẹ́ńtì funfun lẹ̀ mọ́ wọn níka.

"O ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù?"

"Àlejò máa rí i, Bàbá."

Títí wọ́n fi kú, wọn kò pè mí kí n wá di okùn mú mọ́.

Ní yunifásítì ni olùkọ́ kan ti kọ àwọn nọ́ńbà yẹn gan-an sójú pátákó. Ó ní márùn-ún, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún àti irú wọn, àwọn tí nọ́ńbà mìíràn kò lè pín geere, tí ọ̀kan sì máa ń ṣẹ́kù bí a bá fi mẹ́rin pín wọn, ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà gbà. Èyí tí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè pín in geere, yóò kọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sunkún níbẹ̀, n kò bìkítà fún ẹni tó ń wò mí.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi ọ̀bẹ ha ògiri yàrá Bàbá, kí n lè tún rí àwọn nọ́ńbà náà. Èédú bá pẹ́ńtì lọ. Mo rántí títí dé méjìlélógún, ṣùgbọ́n Bàbá ti kà á kọjá ibẹ̀, n kò sì mọ ibi tí wọ́n kà á dé. Mo ti bínú sí tíṣà yẹn títí. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló di búrọ́ọ̀ṣì mú.