Wo Òdì Rẹ̀ Ná

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Òdì, kì í ṣe pé obìnrin náà ń bá ẹnikẹ́ni yan odì. Télọ̀ ni. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé aṣọ tó rán tán wá, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Àǹtí kò ní wo ojú aṣọ náà rárá. "Wo òdì rẹ̀ ná," ni yóò wí, yóò yí i padà, yóò sì máa fi èékánná tọ ojú ìrán. Ojú aṣọ lè tan èèyàn jẹ, òdì kì í purọ́. Èmi tí mò ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn débi pé mo lè wí i lójú oorun.

Ìyà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà nílé ọkọ, gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ó rí ọkọ gidi fẹ́, ọkùnrin tó ń kí àgbà, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Tí wọ́n bá ti wọ yàrá, ẹ̀ṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí eyín rẹ̀ kan yọ, ó gbé orí máṣíìnì rẹ̀ rù, ó rìn wá sí ìlú ẹnubodè wa yìí. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin tí ọkọ lù jáde tàbí tí ebi lé jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, lórí ẹní lábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni à ń pè ní Kékeré. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, àwọn àbúrò rẹ̀ ń wojú rẹ̀, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọlọ́kadà kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí i. Ó ní òun ti bá a ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní òdìkejì bọ́dà.

"Ọmọ mi," ni Àǹtí wí, "ṣé o ti wo òdì ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Àǹtí, gbogbo ọkùnrin kọ́ ni ọkọ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àǹtí wọra. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, Kékeré kò sí mọ́. Ẹ̀wù tó ń rán lọ́wọ́ ló kù lórí máṣíìnì rẹ̀.

Ọ̀sán ni fóònù Àǹtí dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Àǹtí, ẹ káàsán o. Ara mi le, inú mi ń dùn. A ti kọjá bọ́dà láàárọ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá mi. Aṣọ tí mò ń rán tó wà lórí máṣíìnì, ẹ ṣáà bá mi wo òdì rẹ̀ o."

Fóònù kú. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti ja ẹ̀wù náà gbà, mo ń tú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ wò bóyá ó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú ìrán tó gún régé lọ.

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀," ni Àǹtí wí. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ní ká yí sí òdì. Ara rẹ̀ ò le. Wọn ò tíì kọjá bọ́dà. Ó ní ká wá òun."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ké, "Ẹ ò gbọ́ ariwo ẹ̀yìn rẹ̀ ni? Ayùn ni o! Wọ́n ń la pákó!" Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń la pákó nílùú wa.

A kọ́kọ́ yà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà nídìí káńtà ní ká jókòó ná. Inú bí mi débi pé mo bú u, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì títí dòní. Àǹtí ò jókòó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: àwọn ọmọ iṣẹ́ mú sísọ́ọ̀sì, èmi mú agboòrùn, ẹnì kan tilẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná. Àwọn onípákó rí wa, wọ́n gbọ́ ohun tí a bá wá, wọ́n pa ayùn, wọ́n tẹ̀ lé wa. Ọ̀kadà ọkùnrin yẹn tó wà níwájú ilé kan nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ló tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yóò fi dé, onípákó méjì ti jókòó lé ọkùnrin náà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti di aláwọ̀ erùpẹ̀. A bá Kékeré nínú yàrá, ètè rẹ̀ wú, òun àti ọmọbìnrin mìíràn tí a kò mọ̀ rí. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú ò sì tì mí.

Ó pẹ́ kí Kékeré tó lè fọwọ́ kan máṣíìnì. Àǹtí ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kàn ń gbọn eruku kúrò lára ẹ̀wù náà lójoojúmọ́, ó ń fi í síbi tó wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ tí máṣíìnì ń dún. Kékeré ló jókòó, ọmọbìnrin kejì yẹn jókòó tì í, ó ń wo bó ṣe ń darí aṣọ.

Nígbà tó parí, ó gbé e fún Àǹtí, ó ti yí i sí òdì sílẹ̀. Àǹtí fi èékánná tọ ojú ìrán láti ọrùn dé ìsàlẹ̀.

"Ó dáa. Yí i sí ojú, kí o wọ̀ ọ́."

"Àǹtí, aṣọ oníbàárà ni."

"Mo ti rán ti oníbàárà tipẹ́. Wọ̀ ọ́."