Gìgísẹ̀ Mi Méjèèjì

Mi ò ga. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń to àwa ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ n'Ìbàdàn, èmi ni wọ́n máa ń fi síwájú, n kò sì tíì kúrò níwájú títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Láàárín àwọn ọdún 1990, Riverdale Park l'Amẹ́ríkà níbí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Hillcrest Heights ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ló ń gbé mọ́tò. Èmi ń wọ bọ́ọ̀sì, mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo tún ń dúró de òmíràn nínú òtútù. Nígbà tí obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa fẹ́ ta alùpùpù rẹ̀, mo rà á. Mo mọ̀ ọ́n gùn láti ilé bàbá mi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí mo bá jókòó lé e, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n jáde wá wò mí.

“Ìyàwó, kí lèyí? Ṣé ọlọ́kadà lo fẹ́ dà l'Amẹ́ríkà ni?”

“Rárá mà. Ibi iṣẹ́ ni n ó máa gùn ún lọ mà.”

“Ẹsẹ̀ ẹ dà? O dà bí ọmọdé tí wọ́n gbé ka orí tábìlì!”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

“Ọjọ́ tí gìgísẹ̀ ẹ méjèèjì bá kan ilẹ̀, n ó panu mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan, títà ni. Àbúrò mi, ṣé o gbọ́?”

Ọkọ mi ní òun gbọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣé mà.” Wọ́n rò pé mo gbà. Kíkúnlẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi nílé wa. Wọn ò kọ́ mi pé bí mo bá ti kúnlẹ̀, n kò gbọdọ̀ dìde mọ́.

Ìjókòó rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo ṣí awọ rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ tí a fi ń gé búrẹ́dì gé fóòmù inú rẹ̀, mo rán an padà. Ilẹ̀ sún mọ́ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ń ro mí, gìgísẹ̀ mi sì wà lókè síbẹ̀. Mo bá gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Forestville. Ó pààrọ̀ irin tó so ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn mọ́ ọn sí èyí tó gùn jù ú lọ, kí ẹ̀yìn lè wálẹ̀, ó sì sún iwájú náà wálẹ̀ kí ẹ̀yìn nìkan má baà rẹlẹ̀. Mo gùn ún. Gìgísẹ̀ mi kanlẹ̀!

Ó ní, “Ó ku ẹsẹ̀ irin tó ń gbé e dúró. Ó ti gùn jù báyìí. Fi í sílẹ̀ dọ̀la kí n gé e.”

Èmi? Tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bẹ nílé? Mo gùn ún lọ.

Mo dé iwájú ilé, mo gbé e dúró, mo pè wọ́n síta. Alùpùpù náà nà ró ṣánṣán bíi ṣọ́jà, kò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe yẹ. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, gbàà! Ó ti wó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. “Ó tán! Títà! Lọ pe ọkọ ẹ kó wá gbé e.”

“Ẹ má pè é mà.”

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé arúgbó tó tóbi jù mí lọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ tẹ̀, orúnkún ni kó ṣe é. Mo kẹ́yìn sí alùpùpù náà, mo lóṣòó, mo fi ìdí ti ìjókòó tí mo fọwọ́ ara mi gé, mo sì ń fi itan tì í sókè díẹ̀díẹ̀. Ó dìde. N kò sinmi, mo gorí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ wo ẹsẹ̀ mi mà.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Bọ́ bàtà yẹn ná.”

Mo bọ́ ọ. Kọnkéré tutù mọ́ mi ní gìgísẹ̀, méjèèjì.

“Ó mà ṣubú,” ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti lọlẹ̀.

“Ó ṣubú mà. Èmi náà ni mo gbé e dìde. Mi ò tà á.”

Wọ́n wo ọkọ mi tó ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi wo ilẹ̀.

Mẹkáníìkì gé ẹsẹ̀ irin náà, ó sì jó o padà. Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ gùn ún lọ síbi iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní pálọ̀, akoto lórí mi, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n fi ní, “Dìde.”

Mo dìde, mo sì lọ.