Antẹ́nà Tí A Rì Sí Àgbàlá Bàbá Àfáà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé tẹlifíṣọ̀n náà wá láti Èkó. Orí itan ló gbé e lé nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi sọ̀kalẹ̀ ní Kuto ní Abẹ́òkúta, torí kò gbà kí wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá wa ló rà á fún. Lọ́dún tó ṣáájú, àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Bàbá, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń ta aṣọ funfun fún àwọn aláró ní Ìtòkú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí ọjà á fi tú. Òun ló wá ń jókòó sójú fèrèsé pálọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò.

"Tẹlifíṣọ̀n á máa bá yín sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún un.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti máa ń falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ṣé òun náà á jẹ́ kí n fèsì?"

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi padà sí Èkó. Èmi nìkan ni mo kù nílé nínú àwa ọmọ. Iṣẹ́ atẹ̀wé ni mo ń ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì tí ìjọba ṣí sí Ìbarà lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, mi ò sì tíì lọ́kọ. Torí pé mo mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò, gbogbo ilé gbà pé n ó mọ tẹlifíṣọ̀n náà lò. Mi ò mọ nǹkan kan. Mo ki wáyà bọ iná, mo yí bọ́tìnnì. Ariwo ni mo gbọ́, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, ojú gíláàsì sì kún fún nǹkan funfun bí ìgbà tí èèyàn ń jọ èlùbọ́.

Antẹ́nà kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó yọ síta bí ìwo ìgbín. Mo fà á gùn, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́ sósì, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí Màmá fọwọ́ kàn án ni ọkùnrin kan yọ, ó wọ kóòtù, ó ń ka ìròyìn. Bí Màmá ti fọwọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà lọ. Ó tún fọwọ́ kàn án, ọkùnrin náà padà dé.

"Ṣé bí mo ṣe máa dúró rèé títí wọn ó fi ka ìròyìn tán?" ni Màmá bi mí. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, torí aláró ni ní Ìtòkú. Níbi tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ Bàbá ni wọ́n ti pàdé ara wọn. Bàbá ní kó má mira rárá. Ó dúró bẹ́ẹ̀, Bàbá ń rẹ́rìn-ín, títí ọbẹ̀ tó wà lórí iná fi jóná.

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ sí Kuto, mo mú rẹdiónìkì kan wá, bí a ṣe ń pe àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó gbé antẹ́nà ńlá wá, irin ẹlẹ́ka púpọ̀ tó dà bí eegun ẹja. Ó so ó mọ́ orí ọparun gígùn kan, ó rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, ó sì fa wáyà pẹlẹbẹ láti ara rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Ohùn ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń di ẹni mẹ́ta nínú àwòrán, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn bí òjìji. Ó tú ibi tí wáyà ti so mọ́ antẹ́nà, ó tún un so. Ó gbé wáyà kúrò lára páànù, ó ní páànù máa ń jẹ agbára rẹ̀. Ó dáa díẹ̀, kò dáa tó. Nígbà tó yá, ó bọ́ síta, ó wo àpáta ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ó mi orí.

"Àpáta yìí ni," ó ní. "Ó dúró sáàárín yín àti ibi tí àwòrán ti ń bọ̀. Ẹ máa gbé antẹ́nà yìí káàkiri àgbàlá. Ibi tó bá ti mọ́, ẹ rì í síbẹ̀."

Ní Abẹ́òkúta, ta ni àpáta ò sí lẹ́yìnkùlé rẹ̀? Ó fi wáyà gígùn sílẹ̀ fún wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo yọ ọparun náà, mo gbé antẹ́nà lé èjìká, wáyà ń wọ́ tẹ̀ lé mi. Màmá dúró lójú fèrèsé, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ń kígbe sí mi.

"Kò dáa! Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ó ń dáa bọ̀. Dúró! Áà, o ti rìn kọjá!"

Bí mo ṣe ń sún mọ́ ògiri alámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àgbàlá ni ó ń dáa sí i. Mo dé ìdí ògiri náà, mo na antẹ́nà kọjá orí rẹ̀ sí òdìkejì.

"Ó mọ́!" Màmá pariwo. "Ó mọ́ bí dígí! Mo ń rí eyín ẹnu rẹ̀!"

Lẹ́yìn náà ni òun náà rí ibi tí mo na ọwọ́ sí.

Àgbàlá àbúrò Bàbá mi ló wà ní òdìkejì ògiri yẹn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àfáà ni, iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, Bàbá Àfáà sì ni gbogbo wa ń pè é. Òun àti Bàbá ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé girama.

Ọ̀rọ̀ omi ló dá a sílẹ̀. Nígbà yẹn Màmá ṣì ń pa aró nílé, ìkòkò rẹ̀ wà lábẹ́ àpáta, ilẹ̀ wa sì ga ju ti Bàbá Àfáà lọ. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, omi kànga Bàbá Àfáà gba àwọ̀ aró. Ó fi ìbínú wá sọ ọ́ níwájú àwọn àlejò wa, ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti ba omi tí òun fi ń ṣe àlùwàlá jẹ́. Bàbá dá a lóhùn pé ẹni tí iṣẹ́ ìyàwó òun bá ń bí nínú, kó lọ gbẹ́ kànga síbòmíràn. Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, tí ọ̀kan bá ní ọ̀rọ̀ fún èkejì, àwa ọmọ ni wọ́n ń rán.

Bàbá gbọ́ gbogbo ariwo wa láti orí àga rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó ní, "Lọ gbé antẹ́nà yẹn sílẹ̀. A ti wo tẹlifíṣọ̀n tó."

Màmá fi àdìrẹ kan bo tẹlifíṣọ̀n náà. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife omi lé e lórí bíi tábìlì. Bàbá padà sójú fèrèsé rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti rí bó ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí Màmá di irin yẹn mú.

Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò yà sílé, mo kọjá lọ sílé Bàbá Àfáà. Àwọn ọmọ kéú ti lọ, ó ń ká ẹní wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Àfáà."

"Káàbọ̀. Ṣé kò sí o? Ara bàbá yín ń kọ́?"

"Ara wọn ń yá díẹ̀díẹ̀, sà."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àpáta àti antẹ́nà fún un. Mo ti ń retí pé yóò ní tẹlifíṣọ̀n ò yẹ ní àgbàlá àfáà. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé ojú fèrèsé yẹn náà ló máa ń jókòó sí látàárọ̀?"

"Ibẹ̀ náà ni, sà."

"Mo máa ń rí orí rẹ̀ tí mo bá ń lọ sí mọ́sálááṣí." Ó ká ẹní tán, ó gbé e ti ògiri. "Ẹ gbé ọparun yín wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ sí i. Mi ò fẹ́ ká máa tàn án bí ọmọdé torí pé ara rẹ̀ ò yá."

Mo sọ ọ́ fún Bàbá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bí Bàbá Àfáà ṣe sọ ọ́ gan-an.

"Bó bá ti gbà, ẹ lọ rì í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ní dúpẹ́ o."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dúpẹ́?" ni Màmá wí.

Ọjọ́ tí a fẹ́ rì í bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ìtòkú, Màmá ò sì tíì dé. A ò lè ṣe é láàárọ̀, torí nígbà náà tẹlifíṣọ̀n kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo kọ́kọ́ tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ níwájú Bàbá. Nígbà tí mo dé òdìkejì, Bàbá Àfáà ti gbẹ́ ihò, ó ti bọ́ fìlà, ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Àwa méjèèjì gbé ọparun nàró. Ó dì í mú, èmi sì gun àkàsọ̀ lọ sórí òrùlé wa láti so wáyà kó má baà kan páànù. Ọwọ́ mi méjèèjì di wáyà mú, mo fi eyín di okùn, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Bàbá Àfáà yí ọparun díẹ̀, ó wò mí. Mo mi orí pé mi ò mọ̀. Ó tún un yí. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un bóyá àwòrán ti dé, àfi ẹni tó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọparun náà wúwo, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo ọ̀nà fèrèsé wa fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" ó pariwo. "Ṣé ó ti dáa?"

Mi ò mira lórí páànù. Mo rò pé Bàbá ò ní dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde látinú ilé, ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ó rinlẹ̀.

"Ó kù díẹ̀!"

"Apá ibo ni kí n yí i sí?"

"Apá mọ́sálááṣí!"

"Báyìí ńkọ́?"

"O ti yí i jù! Láti kékeré, o kì í ṣe nǹkan níwọ̀n!"

Àfi bí Bàbá Àfáà ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí ọparun ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Báyìí ńkọ́?"

"Ó tó! Má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí ọparun, ó kó òkúta yí i ká, ó fọ ọwọ́, ó wọlé lọ. Kò yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọparun kì í dúró sójú kan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á yí, àwòrán á sì lọ. Bàbá á wá kígbe lójú fèrèsé pé, "Àbúrò! Ó tún ti yí o!" Bàbá Àfáà á jáde, á yí i, wọ́n á máa pariwo síra wọn títí yóò fi dáa. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tó bá ti dáa tán, Bàbá á tún bi í bóyá ó ti gbọ́ pé ẹni báyìí kú, tàbí iye tí wọ́n ń ta àgbò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ti Ìbarà dé, mo bá fìlà Bàbá Àfáà lórí itan Bàbá. Àwòrán ti lọ pátápátá, gbogbo bó ṣe yí ọparun kò ṣiṣẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wáyà, ó fọwọ́ tọ́ ọ láti ìdí ọparun, ó gba orí ògiri, ó gba ojú fèrèsé, títí tó fi bá a wọ pálọ̀ wa. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló wà tí mo fi wọlé, ó lóṣòó, ó mú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́. Ìdè ibẹ̀ ló ti tú, ẹnu wáyà kan ti yọ. Ó bó o, ó dè é le, àwòrán sì padà.

Bó ṣe ń dìde ni Màmá ti Ìtòkú dé. Ó rí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ẹ kú ọjà o, ìyàwó wa." Ó wo ọwọ́ Màmá tó dúdú fún aró. "Omi kànga mi ti mọ́ o. Ó ti pẹ́."

"Ó yẹ kó mọ́, sà. Ẹ̀rùn ọdún yẹn ni mo ti kó gbogbo ìkòkò mi lọ sí Ìtòkú."

"Ṣé nítorí kànga lẹ ṣe kó wọn? Èmi rò pé ẹ fẹ́ sún mọ́ ọjà ni."

"Nítorí kànga yín ni."

Ó yíjú sí Bàbá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ìwọ náà, ṣé o sọ fún mi pé omi ti mọ́?"

Màmá ló dìde, ó ní òun ń lọ bu oúnjẹ wá. Bàbá Àfáà ní òun ti jẹun. Màmá bu oúnjẹ wá, ó sì jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á wá gbọ́ ìròyìn. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ijó, á dìde, á ní ilé ti yá. Ìjàkadì nìkan ni kì í dìde fún. Bàbá bi í pé kí ló dé tó ń sá fún ijó tí kì í sá fún ìjàkadì. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìjàkadì burú. Wọ́n jọ máa ń jiyàn lórí ẹni tó ṣubú lóòótọ́ àti ẹni tó dibọ́n ṣubú, ọ̀rọ̀ Bàbá sì ń yára díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ torí iyàn.

Bàbá lo ọdún mélòó kan sí i. Nígbà tó kú, Bàbá Àfáà ló wẹ̀ ẹ́. Àwọn àfáà tó kéré sí i lọ́jọ́ orí wá, wọ́n ní kó jókòó, pé ara rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ.