Áàpù Tó Mọ Ẹ̀bẹ̀ Yàtọ̀ sí Ebè

“Kí lo ní o fẹ́ fi sí i? Òun náà kẹ̀? Gbé e kúrò lórí fóònù mi o, Ṣùbòmí! Áàpù tó wúwo bíi tírélà, fóònù akúṣẹ̀ẹ́ bíi tèmi lo fẹ́ gbé e lé lórí?”

Mátíù ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ní ìsọ̀ Ṣùbòmí tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀yọ́. Awakọ̀ ni Mátíù, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ná. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Bó bá rí nǹkan tí kò wù ú, á kọ́kọ́ yínmú sí i ná kó tó fọhùn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Odindi ọdún mọ́kànlá ló fi ń pọnmi, tó ń to àga, tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kó akọrin kiri, kó tó wá di pé wọ́n sọ fún un lọ́dún yìí pé òun ni yóò ka àdúrà ìkórè ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀.

Inú ẹ̀ dùn dé ibi pé ó ń mú ìwé àdúrà dání wọ mọ́tò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ó ní kí òun bu omi sí rédíétọ̀, ni omi gbígbóná bá tú jáde, ìwé bá di ẹ̀kọ mímu. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyọ kan tó kù, ọ̀dọ̀ wòlíì ló wà, wòlíì ò sì yá ẹnikẹ́ni rí. Màmá Victoria tó ń ṣètò ìsìn wá sọ ọ́ ní ṣàkó: “Mátíù, lọ wá a lórí fóònù. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa wá gbọ́ ọ nílé. Tí kò bá já geere, Ṣùbòmí ni yóò kà á.”

Ṣùbòmí! Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Lọ́dún tó kọjá, Ṣùbòmí yìí ló ka àdúrà ní Ìkòyí-Ilé, lórí fóònù rẹ̀ gbàǹgbà tó jọ pákó ìfọṣọ. Ibi tó yẹ kó ti ka “Olúwa, tẹ́tí sí ẹ̀bẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ rẹ,” ó kà á pé “tẹ́tí sí ebè àwọn ìránṣẹ́ rẹ.” Níwájú àwọn àgbẹ̀ paraku! Bàbá kan lẹ́yìn bá gbóhùn sókè pé, “Àmín o! Kí iṣu ta níbẹ̀!” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Mátíù ti ń pè é ní Elébè.

Áàpù àdúrà tó lò lọ́jọ́ náà ló tún fẹ́ kó sínú fóònù Mátíù báyìí.

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo nǹkan ló wà nínú ẹ̀,” Ṣùbòmí ń rojọ́. “Ó ní àwòrán, ó ní ohùn tó ń kà á fún yín.”

“Ohùn?” Mátíù yínmú. “Mo gbọ́ ohùn náà. Bí ẹni ki iṣu gbígbóná sẹ́nu. Mo ní kó gbàdúrà, ó ní kí n kọ́kọ́ ra dátà. Mo tún ṣí i, ó ní kí n wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní àárín àdúrà! Áàpù àdúrà tàbí ilé tẹ́tẹ́? Elébè, máa ka tìẹ lọ.”

Ó jáde, ó wa mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Tọ́sìdeè nìyẹn, kò sì tíì rí nǹkan kan.

Nígbà tó ń dúró de èrò ní páàkì, ó bá Mùnírù ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ bíi tirẹ̀, tó jókòó sídìí sítíárìn, tó ń ka ìwé kéú lórí fóònù kékeré kan tí síkírìnì rẹ̀ ti sán. Kò sí dátà níbẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí ariwo.

“Mùní, báwo lo ṣe mú áàpù tìẹ?”

“Mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ yọ dànù,” Mùnírù ní. “Ìwọ ò mọ̀ pé tí àmì kan bá yẹ̀ lórí kéú wa, ìtumọ̀ ti yí nìyẹn? Ààfáà mi á fi pàṣán júwe ilé fún mi. Mi ò wo ẹwà. Àmì ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà bó ṣe fúyẹ́ sí. Yorùbá inú ìwé àdúrà yín kò ha ní àmì bí?”

Mátíù lanu. Ebè! Ẹ̀yin èèyàn mi, àṣé àmì ló bọ́ lórí ọ̀rọ̀ Ṣùbòmí!

Wọ́n jọ wá áàpù àdúrà. Ìkíní: gbogbo ẹ àti ọ ló pá lórí, tí kò sì ní tóró, ìyẹn àmì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà. Mátíù ní “Elébè kejì,” ó yọ ọ́. Ìkejì: lẹ́tà tó ní àmì ti di àpótí kéékèèké, bí ilé tí wọn ò kọ́ tán. Ó pòṣé. Ìkẹta, MB mẹ́rin péré, àwòrán ojú rẹ̀ burú bí àgbàdo jíjóná. Ó ṣí i, ó lọ tààrà síbi ẹ̀bẹ̀. Ó pé! Àmì wà lókè, tóró wà nísàlẹ̀. Ó pa dátà, ó tún ṣí i, ó ṣì ṣeé kà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá Victoria dé sí ilé Mátíù l'Ọ́yọ̀ọ́, Ṣùbòmí tẹ̀ lé wọn, ó gbé fóònù pákó ìfọṣọ rẹ̀ dání.

“MB mẹ́rin?” Ṣùbòmí wo fóònù Mátíù, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé áàpù nìyẹn àbí èèrà?”

“Èèrà tó mọ̀wé sàn ju erin tó yadi,” Mátíù fèsì.

Ó kà á. Ó dúró díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń já geere. Nígbà tó dé ibi ẹ̀bẹ̀, ó rọra gbé e jáde bí ẹni gbé ẹyin. Màmá Victoria pa ojú dé títí ó fi kà á tán.

“Ìwọ lo máa kà á,” wọ́n ní. Wọ́n na fóònù tiwọn sí Ṣùbòmí. “Gba tèmi, fi áàpù Mátíù sí i. Kó o sì fi sórí tìẹ náà.”

Ṣùbòmí gbà á. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mátíù ò tilẹ̀ wò ó, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń kà á fún ara rẹ̀. Ìgbà tí Màmá Victoria gba fóònù wọn tí wọ́n sì lọ, kò mọ̀.

“Bàbá Tolú!” Comfort ìyàwó rẹ̀ ké láti inú ilé. “Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ̀wà ti ń tutù! Ẹ pe Ṣùbòmí náà, kẹ́ ẹ sì má bú u o. Ẹ wọlé wá jẹun!”