Ẹja Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Fi Sílípáàsì Gbẹ́

Bí mo bá rí sílípáàsì tó já, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó máa ń fi ìwọ̀ pẹja nínú odò Yewa ni mo máa ń rántí. A kì í da irú rẹ̀ nù nílé wa ní Ajílété. Ó máa ń gé e, á gbẹ́ ẹ bí ẹja kékeré tó máa léfòó, tí yóò fi tan ẹja ńlá, á so ìwọ̀ mọ́ ọn nídìí, á wá máa fà á kiri nínú báàfù omi lẹ́yìn ilé. Bó bá ń lọ tààrà, ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi á le. Á ki ìṣó kékeré bọ ẹ̀gbẹ́ ẹja náà kan, títí á fi máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí omi.

Á ní, “Ẹja ńlá kì í lé èyí tí ara rẹ̀ le. Èyí tó ń ṣàìsàn ló ń wá.”

Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà mú un lápá òsì, dókítà ní kó máa rìn láràárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó jáde síta. Ó dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà lọ jókòó.

Ó ní, “Ìyá Wálé, fi mí sílẹ̀. Ohun tó ń wá mi kiri kò gbọdọ̀ rí bí mo ṣe ń rìn.”